Ìlú Tí Màmá Òkìkí Kò Dé Rí

Ẹ má pe Adùnọlá ní òpùrọ́. Ó ti pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún bá òun fi kún un.

Irọ́ kan ṣoṣo ló pa. Ṣùgbọ́n irọ́ ọ̀hún dàgbà, ó sanra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá jáde lọ láìgba àṣẹ. Ọjọ́ tí yóò padà wálé, ìgbéyàwó ọmọ Adùnọlá ló gbé sẹ́nu bọ̀.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní Àgbowó á sọ pé kò lè jẹ́ òun. Aránṣọ ni. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, kì í pariwo, kì í jà, kì í pa ìpàdé àdúrà jẹ. Bí oníbàárà bá ń wá ẹ̀dínwó, á kàn máa wo abẹ́rẹ́ máṣíìnì títí ojú á fi ti onítọ̀hún. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Bódìjà, ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni “Àmín”.

Ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tirẹ̀ ni ti Hamidah, tí gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù ń pè ní Ìyá Mánsúrù. Òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ló ń tà. Ó fi ọdún bíi mélòó kan ju Adùnọlá lọ, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Bí ọjà ò bá yá, á gbé àga rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà Adùnọlá, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ìlú rẹ̀.

Ìgbóyìn ni wọ́n ń pe ìlú náà, ìlú kékeré kan lọ́nà Òkè-Ògùn. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, láti ìgbà tí Hamidah ti mọ ìrìn títí di ìgbà tí wọ́n gbé e níyàwó wá sí Ìbàdàn, tí kò tíì sọ lẹ́ẹ̀mejì. Adùnọlá á máa fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì, etí rẹ̀ á sì ti wà ní Ìgbóyìn.

Ibẹ̀ ló ti gbọ́ nípa ayàwòrán tó máa ń wá lóṣooṣù pẹ̀lú bàtà kan àti aago ọwọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò á wọ̀ wọ́n, á ya tirẹ̀ tán, á bọ́ wọn fún ẹni tó kàn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bàtà tí ọba wọ̀ nínú fọ́tò tó wà láàfin, òun náà ni ẹni tó ń gbálẹ̀ ààfin wọ̀ nínú tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn rédíò ló dùn jù.

Rédíò kan wà ní Ìgbóyìn láyé ìgbà náà, ti Bàbá Ajíhìnrere ni, àwọn tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì ìlú. Wọn ò ní bátìrì. Bátìrì wà lọ́dọ̀ Lémọ́ọ̀mù, bàbá Hamidah, tí àbúrò wọn ń ṣòwò ní Sábó tó sì máa ń kó o ránṣẹ́. Lémọ́ọ̀mù ò sì ní rédíò. Nítorí náà, lálaalẹ́, Bàbá Ajíhìnrere á gbé rédíò jáde, Lémọ́ọ̀mù á kó bátìrì sínú àpò ẹ̀wù wá, wọ́n á pàdé lábẹ́ igi ọdàn, gbogbo ìlú á sì yí wọn ká. Bí ìròyìn bá parí, Lémọ́ọ̀mù á yọ bátìrì wọn, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ.

Bí àwọn méjèèjì bá ti jiyàn lórí ẹni tí yóò wọ ọ̀run, ìròyìn ò sí nìyẹn. Ìgbà kan wà tí ìjà ọ̀hún pẹ́ gan-an. Sójà ti gbàjọba, Ìgbóyìn ò gbọ́. Wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé lórin tí wọ́n máa fi pàdé gómìnà tí wọ́n ti lé kúrò.

“Bàbá mi ló parí ìjà náà,” Hamidah máa ń sọ bó bá dé ibẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. “Bàbá Ajíhìnrere wá bẹ̀ wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí ó bẹ̀ tán. Wọ́n dìde, wọ́n lọ ki bátìrì bọnú rédíò, wọn ò sì yọ ọ́ mọ́ títí wọ́n fi kú.”

Adùnọlá á mi orí, á gé òwú, á máa bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tó yá, àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ṣe àkànṣe ìsìn kan, wọ́n ní kí àwọn àgbà sọ fún àwọn ọ̀dọ́ bí ayé ṣe rí nígbà èwe àwọn, pàápàá ní àwọn ìlú kéékèèké. Ìyá àkọ́kọ́ sọ pé àwọn máa ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Èkejì sọ pé àwọn máa ń bọ̀wọ̀ fún àgbà gidigidi. Ẹ̀kẹta ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í bọ̀wọ̀ fún àgbà. Àwọn ọ̀dọ́ ń tẹ fóònù lọ ràì.

Màmá Ọlọ́runtóyìn, ààrẹ ẹgbẹ́ náà, wo ẹ̀yìn, ojú wọn sì bọ́ sí Adùnọlá. Wọ́n ní Màmá Òkìkí, bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é, kò sọ̀rọ̀ rí, kí ó wá sọ díẹ̀.

Kí ni Adùnọlá fẹ́ sọ? Ẹlẹ́yẹlé ló dàgbà sí. Akọ̀wé ni bàbá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ omi, ọkùnrin tó gbà pé ayé kún fún ọmọ burúkú tó ń dúró de àwọn ọmọ tòun. Bí àwọn ọmọ bá ti dé láti iléèwé, bàbá á ti géètì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n á ṣí i. Ọmọ tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ wo ayé láti ihò géètì, kí ló máa wá sọ fún àwọn èèyàn?

Ó gba makirofóònù. Ó la ẹnu, Ìgbóyìn sì jáde.

“Ní ìlú wa,” ó ní, “bàbá mi ni wọ́n ní rédíò.”

Kò ṣáà lè dúró níwájú pẹpẹ kí ó sọ pé Lémọ́ọ̀mù ni bàbá òun. Ìdí tó fi sọ ara rẹ̀ di ọmọ Ajíhìnrere nìyẹn. Nígbà tó sì dé ibi ìjà, tó rí i pé gbogbo ojú wà lára òun, ó yí i díẹ̀. Ó ní bàbá òun ló wọ inú yàrá lọ gbàdúrà, kò pẹ́, Lémọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ sì kó bátìrì wá tòun ti ẹ̀bẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú fún ẹ̀rín. Pásítọ̀ bọ́ ìgò ojú wọn, wọ́n ń nu omijé. Àwọn ọ̀dọ́ gbé fóònù sókè, wọ́n ń gbà á sílẹ̀. Nígbà tí ìsìn parí, obìnrin kan tí kò kí Adùnọlá rí láti ọjọ́ tó ti ń jókòó lẹ́yìn rẹ̀ wá dì mọ́ ọn.

Ó dùn mọ́ ọn. Kí á má purọ́ lórí irọ́, ó dùn mọ́ ọn dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, Láyí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní sùúrù títí wọ́n fi délé. Ó bọ́ kóòtù, ó jókòó, ó wá bi í pé ìgbà wo ni bàbá ìyàwó òun fi iṣẹ́ omi sílẹ̀ tí wọ́n di ajíhìnrere.

Adùnọlá ní kí àwọn ọmọ lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ ni. Ó ní ṣebí Jésù náà máa ń fi ìtàn kọ́ni.

“Jésù sọ ìtàn ọmọ onínàákúnàá,” Láyí dá a lóhùn. “Kò sọ pé òun ni ọmọ náà.”

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà tó o. Kò tó o. Àwọn ọ̀dọ́ ti fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wọ́súàpù, ó ti dé Ṣálẹ́ǹjì, ó ti dé Dùgbẹ̀, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń wa mọ́tò ní ìlú òyìnbó. Wọ́n ní kí Màmá tún sọ òmíràn. Ó sọ ti ayàwòrán. Ó sọ ti ìdílé kan ṣoṣo tó ní tẹlifíṣọ̀n, tí ewúrẹ́ wọn máa ń bá gbogbo ọmọ àdúgbò yọjú lójú fèrèsé. Ẹnì kan béèrè orúkọ ìlú náà. Orúkọ tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló sọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Màmá Ìgbóyìn.

Bí ìtàn bá ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé ojú sókè lórí máṣíìnì.

“Ìyá Mánsúrù, ẹ ò sọ bí ẹ ṣe ń pọn omi nígbà náà fún mi.”

Inú Hamidah á dùn. Látọjọ́ tí wọ́n ti jọ wà, Adùnọlá kì í bi òun ní nǹkan kan. Ó wá dà bíi pé etí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni Hamidah ń lò, kì í ṣe ti Wọ́súàpù. Ọjọ́ kan ló sọ fún Adùnọlá pé ẹnì kan ní ọjà Bódìjà ní obìnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ń sọ̀rọ̀ Ìgbóyìn dáadáa. Ó ní inú òun á dùn bí òun bá rí i, bóyá àwọn jọ ṣeré rí.

Adùnọlá rán aṣọ oníbàárà pọ̀ mọ́ apá ẹ̀wù ara rẹ̀.

Ní àsìkò yẹn, Òkìkíọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti mú ọkọ àfẹ́sọ́nà wálé. Ẹ̀ríolúwa ni orúkọ rẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, tó ń jẹ gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ tó sì ń fọ abọ́. Adùnọlá ti fi í ṣe ọmọ kó tó di àna. Wọ́n ti fi ọjọ́ sí mọ̀mí-n-mọ̀ọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Òkìkíọlá sáré wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ọlọ́run ló ṣe é pé Hamidah lọ kírun.

“Mọ́mì, ẹ ò ní gbà gbọ́. Ọmọ Ìgbóyìn ni bàbá Ẹ̀ríolúwa.”

Ó ní òun ti fi ìtàn rédíò ránṣẹ́ sí Ẹ̀ríolúwa, òun náà ti fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Ó ní Alàgbà Gbádérọ̀, bàbá náà, máa gbé e fún ìyá wọn gbọ́, Màmá Àgbà tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Onírèké, kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín.

Ibi tí ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ sí nìyẹn. Adùnọlá ìbá sọ ọ́ níbẹ̀, ìtìjú rẹ̀ ìbá mọ sí àárín òun àti ọmọ. Ó wo ojú Òkìkíọlá, ó rí bí orí rẹ̀ ṣe ń wú nítorí ìyá. Ó ní, “Ayé mà kéré o.”

Màmá Àgbà ò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí Ẹ̀ríolúwa fi wá, tó jókòó sétí àga, tó ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Kò jẹun. Ó ní bàbá òun ní kí wọ́n dá mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ dúró ná.

Láyí bi í pé kí ló dé.

Ó ṣàlàyé. Ajíhìnrere tó ní rédíò ní Ìgbóyìn, ẹyọ ẹnì kan ni. Bàbá bàbá òun ni. Bàbá òun mọ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí, Màmá Òkìkí ò sí nínú wọn. Bó bá wá jẹ́ pé ọmọ wọn ni lóòótọ́, ìta ni wọ́n ti bí i, òun àti Òkìkíọlá sì ti di ẹbí kan náà. Irú wọn kì í fẹ́ra.

“Ìyá àgbà ti yọ fọ́tò bàbá àgbà kúrò lára ògiri,” ó ní. “Wọ́n ti ì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì dojú ẹ̀ délẹ̀.”

Ó ní gbogbo àjò ìwàásù tí ọkọ wọn lọ rí ni wọ́n ń tún rò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún ti rántí pé ọmọbìnrin kékeré kan wà tó máa ń jókòó sídìí ẹsẹ̀ bàbá lálaalẹ́ lábẹ́ igi ọdàn, tí kì í kúrò níbẹ̀ títí ìròyìn á fi parí. Wọ́n ní àwọn tún máa ń fún un ní ẹ̀pà.

Òkìkíọlá bú sẹ́kún. Láyí yí ojú sí ìyàwó rẹ̀.

Adùnọlá ní bóyá ajíhìnrere méjì ló wà.

Ẹ má bínú sí i. Ẹ̀rù ló bà á. Lọ́jọ́ kejì ni ó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ó ń kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ń bẹ Olúwa kí ó bo àṣírí òun. Ó tó ìgbà kan tó dákẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ tó gbọ́ ohun tí òun ń sọ: ó ń fi ebi pa ara rẹ̀ kí Ọlọ́run lè bá a mú irọ́ dúró. Ó dìde, ó lọ jẹ ẹ̀bà.

Láyí ní kí ó pe àwọn àna kó sọ òótọ́. Ó ní òun máa pè wọ́n. Ó tẹ nọ́ńbà, ó pa á. Ó tún tẹ̀ ẹ́, Alàgbà Gbádérọ̀ sì gbé e, wọn ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó dáa tó pè, kí òun, ọkọ rẹ̀ àti Òkìkíọlá wá sí Onírèké lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn ti rí ọmọ Ìgbóyìn kan ní Ìbàdàn tó mọ ilé àwọn dáadáa láyé ìgbà náà. Ẹni yẹn ni yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí.

Adùnọlá ti mọ ẹni tó máa jẹ́. Ó gbàdúrà pé kó má jẹ́ ẹni tí òun ń rò.

Ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni ilé Gbádérọ̀. Ní pálọ̀, àmì onígun mẹ́rin kan wà lára ògiri, funfun ju ibi tó kù lọ, níbi tí fọ́tò wà tẹ́lẹ̀. Màmá Àgbà jókòó sábẹ́ rẹ̀ gan-an, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá.

Adùnọlá kúnlẹ̀ kí wọn. Wọn ò tètè dáhùn. Wọ́n wo iwájú orí rẹ̀, wọ́n wo imú rẹ̀, wọ́n wo etí rẹ̀.

“Etí yìí jọ tiẹ̀,” wọ́n ní. “Ta ni ìyá ẹ? Mi ò ní jà. Ó ti kú, ta ni n ó bá jà? Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mo mọ̀ ọ́n.”

Adùnọlá gbé ojú sókè. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹnì kan kanlẹ̀kùn.

Hamidah ló wọlé, nínú léèsì ọdún rẹ̀, ìborùn rẹ̀ mọ́ tónítóní. Alàgbà Gbádérọ̀ dìde, wọ́n pè é ní ọmọ Lémọ́ọ̀mù, òun náà pè wọ́n ní Dérọ̀ Onírédíò, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ iléèwé. Ó wá yíjú, ó rí Adùnọlá lórí ìkúnlẹ̀.

“Ìyá Òkìkí. Kí lo ń wá níbí?”

Alàgbà Gbádérọ̀ ní ṣé àwọn méjèèjì mọra ni. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti dínkù. Obìnrin yìí ló ní ọmọ bàbá àwọn ni òun, ṣé Hamidah mọ̀ ọ́n ní Ìgbóyìn? Hamidah ò tíì dáhùn tí wọ́n fi tẹ fóònù.

Ohùn Adùnọlá jáde. “Ní ìlú wa, bàbá mi ni wọ́n ní rédíò.”

Hamidah dúró láàárín pálọ̀, báàgì rẹ̀ há abíyá, ó ń gbọ́ ìgbà èwe ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn. Igi ọdàn wà níbẹ̀. Bátìrì wà níbẹ̀. Orin tí wọ́n fẹ́ fi pàdé gómìnà wà níbẹ̀. Nígbà tó kan ibi tí Lémọ́ọ̀mù ti ń bẹ̀bẹ̀, tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó jókòó.

“Bàbá mi ò bẹ ẹnikẹ́ni,” ó ní.

Ó rọra sọ ọ́, Adùnọlá ló sọ ọ́ fún. Ìyẹn ló dun Adùnọlá jù. Bó bá jẹ́ pé ó gbá a létí ni, ìbá sàn.

“Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n ti tọ́ mi,” Adùnọlá wí. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò. “Akọ̀wé ni bàbá mi. Mi ò dé Ìgbóyìn rí, mi ò tiẹ̀ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ìyá Mánsúrù ló ń sọ ọ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo jí i sọ. Ẹ̀bẹ̀ tí mo fi sẹ́nu bàbá wọn, èmi ni mo fi kún un, torí kí àwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín.”

Òkìkíọlá fi ọwọ́ bo ojú. Láyí jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, tòun ti kóòtù.

Màmá Àgbà wo Hamidah.

“Ọmọ tó máa ń jókòó sídìí ẹsẹ̀ wọn ńkọ́?”

“Èmi ni, Mà. Bátìrì bàbá mi ni mò ń ṣọ́.”

“Ìwọ ni mo ń fún lẹ́pà?”

“Èmi ni, Mà. Iyọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀.”

Màmá Àgbà gba ọ̀rọ̀ náà rò. Wọ́n mú ọwọ́ kan kúrò lórí ọ̀pá. “Dérọ̀, lọ gbé bàbá ẹ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fi aṣọ nù ún. Ohun tí mo ti sọ sí i látìgbà yìí, èmi náà ni n ó bẹ̀ ẹ́.” Wọ́n tún ní, “Lémọ́ọ̀mù ò sì bẹ ẹnikẹ́ni lóòótọ́. Ojú mi ló ṣe. Ọkọ mi ló lọ bẹ̀ wọ́n. Ìwọ aránṣọ, bí o bá tún fẹ́ sọ ọ́, fi kún un pé èmi ni mo ra rédíò yẹn. Èrè gààrí mi ni. Òun kàn ń gbé e jókòó ni.”

Alàgbà Gbádérọ̀ ò gbéra. Inú wọn ò dùn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ béèrè nǹkan kan: irú ilé wo ni ọmọ àwọn fẹ́ ti lọ fẹ́yàwó, ilé tí ìyá ti ń yá bàbá oníbàbá lò? Wọ́n ní bí obìnrin bá lè pa irú irọ́ báyìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ni kò ní pa nílé àna?

Adùnọlá gan-an rò pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀ríolúwa dìde fúnra rẹ̀, ó lọ dúró lẹ́yìn àga Òkìkíọlá.

“Èèyàn purọ́ pé ọmọ wa ni òun,” Màmá Àgbà wí. “Ó wù ú kó jẹ́ ọmọ wa nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó gba ẹnu ọ̀nà wọlé bí èèyàn. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì tó ti pa irọ́ yìí, ibẹ̀ náà ni kó ti tú u.”

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Adùnọlá tún gba makirofóònù. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: géètì Ẹlẹ́yẹlé, ṣọ́ọ̀bù, bátìrì, ẹ̀bẹ̀ tí Lémọ́ọ̀mù ò bẹ̀, fọ́tò tó lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó dé ibi ààwẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì mọ bóyá òun ni wọ́n ń fi ṣẹlẹ́yà. Ó rò pé òun ni. Màmá Ọlọ́runtóyìn ò kí i fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n gba ohùn náà sílẹ̀, ó lọ sí gbogbo ibi tí irọ́ ti lọ, àfi pé kò yára tó irọ́.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ó dára. Hamidah wá, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Ìgbóyìn ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Àgbà, wọ́n jọ ń jẹ ẹ̀pà. Ó kí Adùnọlá bí wọ́n ṣe ń kí ìyá ìyàwó. Ó tán síbẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, àga Hamidah ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀ mọ́. Bí Adùnọlá bá lọ ra síìpù, Hamidah á béèrè bí yóò ṣe gùn tó, á gé e, á fún un. Adùnọlá bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù. Hamidah ní kó dìde, ilẹ̀ dọ̀tí, òun ti gbọ́. Ó sì lọ to bọ́tìnnì.

Adùnọlá wá mọ bí máṣíìnì ṣe ń pariwo tó. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni wọ́n ti ń yìn ín pé kì í sọ̀rọ̀, kò sì mọ̀ pé ẹnu ẹlòmíràn ni òun fi ń gbádùn ìdákẹ́jẹ́ náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ṣú, oníbàárà ò sí. Ó gbọ́ tí nǹkan ń wọ́ nílẹ̀. Hamidah ló ń wọ́ àga rẹ̀ bọ̀. Ó gbé e sójú àyè rẹ̀ àtijọ́, ó jókòó, ó ká ọwọ́ sáyà.

“Mi ò ní sọ nǹkan kan,” ó ní. “O ti gbọ́ tèmi tán. Sọ tìẹ.”

Adùnọlá ní òun ò ní tòun. Ó ní kò sí nǹkan kan ní Ẹlẹ́yẹlé àfi géètì.

“Sọ ti géètì.”

Adùnọlá mú ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí páànù.

“Ọjọ́ kan wà,” ó ní, “tí kọ́kọ́rọ́ géètì yẹn sọnù. Gbogbo wa ló há sínú ilé. Bàbá mi náà.”

Hamidah fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn.